Ta Ló Ní Kí Onígbàgbọ́ Má Sunkún?

Lọ́jọ́ tí ìròyìn ikú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé, èmi náà wà lára àwọn tó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má sunkún. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo jókòó sórí àga ìdájọ́ tí mo ń dá àwọn ẹlòmíràn lẹ́jọ́. Ọmọ ọdún 19 ni ọmọkùnrin náà. Ó ń bọ̀ láti ilé ìwé, ilẹ̀ ti ṣú, ọkọ̀ akérò tó wọ̀ lọ forí sọ ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kú sójú títì, tí ẹnikẹ́ni kò fi ewé tàbí iná ṣe àmì sí lẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń rin àwọn ọ̀nà wa wọ̀nyí, ẹ kò nílò kí n ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé kún fọ́fọ́. Ẹ mọ bí ilé ọ̀fọ̀ ti máa ń rí nílẹ̀ wa. Èyí wọlé, "Ẹ kú ara fẹ́ra kù." Tọ̀hún wọlé, "Ọlọ́run á dáwọ́ ẹ̀ dúró." Àwọn ìyá ìjọ dé, wọ́n kọrin, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gbàdúrà títí ohùn fi há mọ́ wọn lọ́fun. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n fi eyín di etí ìró wọn mú, nítorí pé ìgbàkígbà tí igbe bá fẹ́ já ni ẹnìkan á ti sọ pé, "Rárá o, ìyá, ẹni tó mọ Jésù kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Èmi náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí wọn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bọ́hùn. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Wọ́n yíjú sí mi. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní, "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi pọn omi yẹn."

Mi ò rí èsì fọ̀. Títí di òní, mi ò tíì rí i.

Èyí tó tún wá burú jù ni ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ilé nígbà tí mo lọ bu omi. Àwọn obìnrin méjì kan, ọmọ ìjọ kan náà, ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nídìí àgbá omi. Ọ̀kan ní ẹ̀gbọ́n mi kò wá sí ìṣọ́ òru oṣù tó kọjá. Èkejì ní, "Ṣé o rí i? Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀." Ó ṣe mí bíi kí n da omi inú korobá náà lé wọn lórí, ṣùgbọ́n ilé ọ̀fọ̀ kì í ṣe ibi ìjà, èmi fúnra mi sì ti jẹ̀bi èyí tó tó mi nínú yàrá.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti ń dà mí láàmú, òun ni mo sì fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò lóṣù yìí. Kí ni à ń pè ní pípa ìgbàgbọ́ mọ́ nígbà ìpọ́njú? Ṣé kí ojú gbẹ ni? Ṣé kí ènìyàn máa rẹ́rìn-ín lójú ọ̀fọ̀ ni? Àbí kó máa sọ pé "ó dára, ó dára" nígbà tí gbogbo ayé rí i pé kò dára?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí gbogbo wa máa ń dárúkọ bí ọ̀rọ̀ ìyà bá délẹ̀, ìyẹn Jóòbù. Orúkọ rẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu oníwàásù. Sùúrù Jóòbù! Àforítì Jóòbù! Bí ẹ bá gbọ́ bí wọ́n ti ń sọ ọ́, ẹ ó rò pé ńṣe ni bàbá náà jókòó sínú eérú tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Orí 42 ni ìwé náà ní, ṣùgbọ́n ó jọ pé méjì àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kà. Ẹ ṣí àárín rẹ̀ wò. Ẹ ó rí ọkùnrin kan tó ń fi ọjọ́ ìbí ara rẹ̀ gégùn-ún, tó ń pe Ọlọ́run lẹ́jọ́, tó ní kí Ó wá sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀ sí òun lójú. Bí ẹ bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìjọ mìíràn lónìí, wọn á ní kí ẹ lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, pé ẹ̀mí kan ló ń gbẹnu yín sọ̀rọ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta náà ńkọ́? Wọ́n wá bá a kẹ́dùn. Ọjọ́ méje, tọ̀sán-tòru, ni wọ́n fi bá a jókòó sílẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kankan. Ohun tó dára jù tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ohun tí wọ́n sì sọ kò yàtọ̀ sí ti àwọn obìnrin ìdí àgbá omi: ògiri rẹ ti lanu, wá jẹ́wọ́. Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà parí sí. Lóòótọ́, Ọlọ́run bá Jóòbù sọ̀rọ̀ líle láti inú ìjì, Ó bi í ní ìbéèrè tí kò lè dáhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọ̀rọ̀ ẹjọ́, àwọn ọ̀rẹ́ tó ń gbèjà Rẹ̀ ni Ó bínú sí. Ó ní wọn kò sọ òtítọ́ nípa Òun bí Jóòbù ti sọ ọ́. Jóòbù tó ń ráhùn, tó ń jà! Òun náà ni wọ́n wá ní kó bá wọn bẹ̀bẹ̀. Mo ti lọ sí ilé ọ̀fọ̀ tó pọ̀ láyé mi, mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n wàásù lórí ibẹ̀ yẹn rí.

Jésù gan-an ńkọ́? Ó mọ̀ pé Òun máa jí Lásárù, síbẹ̀ Ó sunkún nídìí ibojì rẹ̀. Ta ló wá ní kí ẹni tí kò lè jí òkú má sunkún?

Àmọ́ ẹnìkan lè sọ pé ìyẹn ti jìnnà sí wa, pé ilẹ̀ Úsì ni Jóòbù gbé, àti pé a kò mọ ojúlé rẹ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí á wálé. Ẹ jẹ́ kí á gba Òṣogùn lọ.

Òṣogùn, ní agbègbè Ìsẹ́yìn tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lónìí, ni wọ́n ti bí Àjàyí tí ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni ogun wọ ìlú náà, nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ ti ń mì tìtì. Ọmọdékùnrin ni. Wọ́n ju okùn sí i lọ́rùn, òun àti ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin, wọ́n sì fà wọ́n lọ bí ẹran. Kò fojú kan bàbá rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, wọ́n dá ọmọ padà, wọ́n gba ẹṣin. Ẹ rò ó wò o. Ọmọ ènìyàn, wọ́n ń dá a padà bí ìgbà tí èèyàn ra bàtà tí kò bá a lẹ́sẹ̀ mu! Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi ń sún mọ́ etí òkun.

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn yìí sínú lẹ́tà gígùn kan ní 1837. Ó ní nígbà tí ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba òun pé wọ́n fẹ́ ta òun fún àwọn Pọtogí, òun gbìyànjú lóru láti fi ọ̀já ara òun fún ara òun lọ́rùn pa, ṣùgbọ́n ọkàn òun kò gbà á láti fà á le. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sáré kọjá níbí yìí. Nígbà tó ń kọ lẹ́tà náà, ó ti di Kristẹni, ó ti di olùkọ́, ẹni tí àwọn ọmọdé ń wojú rẹ̀. Ó lè fo ibẹ̀ yẹn. Kò fò ó. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó gbà á síṣẹ́ láti kà, pé òun ti débi tí òun kò fẹ́ wà láàyè mọ́. Lónìí, bí àlùfáà kan bá jẹ́wọ́ irú ìyẹn lórí pẹpẹ, mélòó nínú wa ni kò ní wo ara wa lójú?

Ní oṣù kẹrin ọdún 1822 ni wọ́n kó o sínú ọkọ̀ Pọtogí kan ní Èkó. Ọkọ̀ náà kò tíì jìnnà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon fi mú un. Ìtàn kan wà níbẹ̀ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín tó sì máa ń dùn mí. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ náà sínú ọkọ̀ ogun, wọ́n rí ẹran tí wọ́n gbé kọ́ àti ọta ìbọn àgbá tí wọ́n tò sílẹ̀ roboto, wọ́n ní ẹran ara èèyàn nìyẹn, wọ́n ní orí èèyàn nìyí! Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn tí wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ló wà lára ẹran náà ni ọkàn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ìyà ti jẹ gan-an, bí ìgbàlà bá tiẹ̀ wá bá a, kì í tètè dá a mọ̀.

Wọ́n gbé wọn dé Freetown ní oṣù kẹfà ọdún yẹn. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá 1825. Nínú lẹ́tà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní ọjọ́ burúkú tí wọ́n kó òun lẹ́rú, bí òun bá fi ojú mìíràn wò ó, ọjọ́ ìbùkún ni òun á máa pè é.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ oníwàásù ti máa ń gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. "Ẹ rí i bí? Bí wọn ò bá kó o lẹ́rú, ṣé ó lè di bíṣọ́ọ̀bù?" Ìjọ á hó yèè. Ibẹ̀ ni èmi ti fẹ́ kí á rọra ṣe. Àjàyí lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọrùn tirẹ̀ ni okùn wà. Ẹni tí ó ni ìyà lè wo ìyà rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó ní òun rí ọwọ́ Ọlọ́run nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn wá bá a sọ ọ́ lọ́jọ́ tí okùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ìgbàgbọ́. Ìkà ni.

Ohun kan sì tún wà. Ọkọ̀ mélòó ni wọn kò rí mú? Àwọn èèyàn wa tí wọ́n gbé kọjá òkun ní àwọn ọdún yẹn kò lóǹkà. Àwọn ọmọ wọn ṣì wà ní Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, wọ́n wà ní Kúbà, tí wọ́n ń fi èdè Yorùbá kọrin títí di òní. Àwọn tí ó kú sínú ọkọ̀ tí wọ́n jù sómi kò ní ọmọ tó máa sọ ìtàn wọn rárá. Ṣé Ọlọ́run Àjàyí kọ́ ló dá wọn ni? Nítorí náà, bí ìgbàgbọ́ wa bá dúró lórí pé ọ̀rọ̀ gbogbo ló máa yọrí sí bí ti Àjàyí, kí la fẹ́ sọ fún ìyá tí ọkọ̀ ọmọ tirẹ̀ lọ tí kò padà? Kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi? Ọkọ̀ tiwọn ti lọ.

Ní tòótọ́, Àjàyí tún rí ìyá rẹ̀. Ní Abẹ́òkúta ni, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 1846, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ó kọ ọ́ pé nígbà tí àwọn fojú kan ara àwọn, ara ìyá òun ń gbọ̀n, àwọn kò sì lè sọ̀rọ̀. Ọdún 1848 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, Áfálá, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. Mo mọ bí ìtàn yìí ti dùn tó. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé wọn kò sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó sáré wá wàásù fún ẹnìkejì.

Bí ìtàn náà bá parí síbẹ̀, ì bá rọrùn fún wa. Kò parí síbẹ̀. Ẹ̀mí ọmọdé tí wọ́n kó lẹ́rú, tí Ọlọ́run yọ, tó tún rí ìyá rẹ̀, ṣì ní ìyà kan níwájú tó yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, lójú tèmi òun ló sì nira jù.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 1864 ni wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Kántábérì, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ó ṣiṣẹ́ lórí Odò Ọya, níbi tí ibà àti ọ̀tá ti ń bá wọn jà. Ní 1867, ìjòyè kan mú un nítòsí Ìdá, ó ń béèrè owó ìràpadà. Aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wá gbà á sílẹ̀ ni wọ́n ta lọ́fà olóró, ó sì kú. Ní 1880, Susan ìyàwó rẹ̀ kú, ẹni tí òun náà jẹ́ ọmọ tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. Ní 1883, ìyá rẹ̀ kú. Gbogbo èyí, ó gbé e mì.

Ní oṣù kẹjọ 1890, níbi ìpàdé ìgbìmọ̀ kan ní Onitsha, àwọn ọ̀dọ́mọdé òyìnbó tí ìjọ rán wá láti Ìlú Ọba dojú kọ bàbá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ kò mọ́. Wọ́n ní àwọn àlùfáà rẹ̀ kò yẹ. Wọ́n dá àwọn kan dúró lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì nawọ́ ìyẹn dé ọ̀dọ̀ Dandeson ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ áṣídíákónì. Mi ò ní kí ẹ gbà pé gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló mọ́ bí omi òjò. Àwọn kan ṣẹ̀ lóòótọ́, ọ̀nà odò sì gùn ju ohun tí bàbá arúgbó kan lè máa ṣọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ẹni tó ń ṣe é. Kì í ṣe abọ̀rìṣà. Kì í ṣe olówò ẹrú. Àwọn tí wọ́n jọ ń kúnlẹ̀ gba oúnjẹ Olúwa ni. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń gbé.

Irú ìyà yìí la ń pè ní ìrẹ̀wẹ̀sì. Ikú ọmọ máa ń fọ́ ọkàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ìrẹ̀wẹ̀sì, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ọkàn bí ikán ti ń jẹ igi àjà, lóde igi náà ṣì pọ́n, nínú ó ti di ìyẹ̀fun. Mo mọ àwọn Kristẹni tí ebi pa, tí àìsàn ṣe, tí wọn kò mì. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ ìjọ wọn ló lé wọn jáde. Ẹ wo yíká yín, ẹ ó rí wọn: bàbá tó ti ń lu dùùrù fún ogún ọdún tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, ìyá tó gbé Bíbélì sórí kọ́bọ́ọ̀dù tí eruku ti bò ó. Ẹ má tètè ní Sátánì ló mú wọn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí a fi ṣe wọ́n.

Kí ni Bíṣọ́ọ̀bù Crowther wá ṣe? Ohun méjì ló ṣe tí mo rò pé ó yẹ kí á wò dáadáa. Kò ṣe bí ẹni pé kò dun òun. Ó kọ̀wé fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, ó dìde kúrò lórí àga tí wọ́n ti ń fi wọ́n òun. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò kó ẹrù rẹ̀ jáde kúrò nínú ìjọ. Bó ti ń darúgbó tó, bó sì ti ń ṣàìsàn tó, ó lo ìwọ̀nba oṣù tó kù láti máa ṣètò bí àwọn ìjọ Niger Delta yóò ṣe máa fi owó ara wọn ṣiṣẹ́ ara wọn. Kò rí òpin rẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1891 ló kú ní Èkó. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn ìjọ Niger Delta náà dìde dúró lábẹ́ ọmọ rẹ̀ ní 1892, ìgbà tí ó ti wà nínú ilẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2014, nínú kàtídírà Kántábérì kan náà tí wọ́n ti fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Justin Welby ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà lórí ohun tí ìjọ ṣe fún un. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó ti lé ní 120 ọdún tí bàbá náà ti kú. Ó dára tí wọ́n tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n àforíjì náà kò bá a láyé.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìgbàgbọ́ kò lè jẹ́ àdéhùn lórí bí nǹkan yóò ṣe parí. Bí ó bá jẹ́ àdéhùn ni, a jẹ́ pé wọ́n ti rẹ́ Àjàyí jẹ. Lédè wa, "gbà" ni, "gbọ́" ni. Ọ̀rọ̀ àárín ẹni méjì ni. Ẹni tó ń bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú igbe, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú ẹjọ́, kò tíì pàdánù rẹ̀. Àforítì náà ńkọ́? A fi orí ti nǹkan ni. Ẹni tó bá forí ti ògiri, ó yẹ kí ìwúwo orí rẹ̀ wà lára ògiri náà. Ẹni tó dúró nítòsí ògiri tó na ọrùn gbọọrọ, tó ní kò rẹ òun, kò tíì forí tì í.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní mo fẹ́ sọ ìráhùn di ẹ̀sìn. Rárá o. Mo mọ ẹni tó ti ń fi ìyà ogún ọdún sẹ́yìn gba ọkọ̀ ọ̀fẹ́ títí di òní. Ọ̀rọ̀ tèmi kò sí lórí ìyẹn. Ohun tí mò ń wí ni ohun tí à ń ṣe lọ́jọ́ Ìsinmi nígbà tí wọ́n bá ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí jáde. Ẹni tí ara rẹ̀ yá jáde. Ẹni tó rí ìwé àṣẹ ìrìnnà gbà jáde. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ yè nínú ìjàǹbá ọkọ̀ jáde, ìjọ jó, a gbé Olúwa ga, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Nínú ọkọ̀ kan náà, ọmọ ẹlòmíràn kú. Ìyá ọmọ náà wà ní ìlà kẹrin lápá òsì. Ó pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wa. Ta ló gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un rí? Bí ó bá dìde tó ní, "Mo gbàdúrà, ọmọ mi kú, mo sì tún wá lónìí," ẹ̀rí wo ló tún tó ìyẹn?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi kò fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ akọrin tẹ́lẹ̀, ohùn wọn a sì máa dún ju ti gbogbo wọn lọ. Àwọn kan ti ń sọ pé ó ti tán, ó ti padà sẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, àlùfáà wọn wá sílé, ọ̀dọ́kùnrin kan báyìí tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún. Mo wà níbẹ̀. Ó gbé Bíbélì dání. Kí ó tó ṣí i, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ má tíì kà á, sà. Bàbá mi ni mò ń bá jà. Mi ò tíì kó ẹrù mi kúrò nílé wọn." Ọ̀dọ́kùnrin náà wò wọ́n títí. Ó gbé Bíbélì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú wọn, kò sì sọ nǹkan kan títí wọ́n fi gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un. Bí mo bá ní agbára, mo máa fi ọmọ yẹn jẹ bíṣọ́ọ̀bù lọ́la.

Wọ́n ti padà sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń jókòó, wọn kò sì tíì padà sínú ẹgbẹ́ akọrin. Àwọn orin kan wà tí wọn kì í dá sí, wọ́n á panu mọ́, wọ́n á máa wo ilẹ̀ títí orin náà á fi parí. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan bóyá ìjà náà ti parí. Wọ́n ní, "Ó kù."

Ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, obìnrin kan ní àdúgbò wa pàdánù ọmọ rẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ lọ. Ilé kún bó ti máa ń kún, àwọn èèyàn sì ń sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ. Mo gbọ́ tẹ́nìkan ní omi ló dànù. Ẹ̀gbọ́n mi kò yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọrin, ìdí obìnrin náà tààrà ni wọ́n lọ, wọ́n jókòó tì í. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, nítorí pé àwa ọkùnrin wà níta. Nígbà tó yá ni mo gbọ́ igbe obìnrin náà, igbe gidi, tí kò sí ẹni tó dá a dúró.

Lójú ọ̀nà, mo béèrè pé kí ni wọ́n sọ fún un. Wọ́n ní àwọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní nígbà tó sunkún tán, àwọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé lọ bá wọn fọ abọ́, nítorí pé abọ́ pọ̀ nílẹ̀, àlejò sì ṣì ń bọ̀.